Excel Àtijọ́ àti Fáìlì Àjèjì: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá ní Kétu

Ṣọ́ọ̀bù wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, kò tóbi. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ fótókọ́pì kan, bẹ́ǹṣì méjì fún àwọn tó ń dúró. Méjì nínú kọ̀ǹpútà náà ṣì ń lo Windows XP àti Excel 2003, a ò sì tíì rí ìdí tí a ó fi jù wọ́n nù, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń wá, ìyá tó ń gba owó àjọ ń wá, tíṣà tó fẹ́ tẹ máàkì ọmọ iléèwé ń wá, àti òbí tí ọmọ fi nǹkan ránṣẹ́ sí láti Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń bá wọlé: "Ó kọ̀, kò ṣí." Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí sílẹ̀ torí ẹnu ń rọ̀ mí. Bí mo bá dárúkọ ibi tí ẹ máa tẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sójú Excel elédè Faransé ni mo ṣe kọ ọ́, òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ohun kan ṣáájú: ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ fi èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti máa dán nǹkan wò. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn wà nísàlẹ̀, níbi ọ̀rọ̀ òdo.

Mo tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, àmì wúruwùru ló jáde. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ó bàjẹ́. Ọjọ́ orí Excel yín àti ti fáìlì náà ni kò bára mu. Láti Excel 97 títí dé 2003, .xls ni fáìlì Excel ń jẹ́. Nígbà tí Excel 2007 dé, Microsoft pa ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ dà, ó di .xlsx. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n fi kún orúkọ, àmọ́ inú rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn: àpò zip ni, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ fáìlì kéékèèké sí. Excel 2003 kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tú àpò, ara àpò ló ń kà bí ẹni ń ka ìwé, ìyẹn ló fi ń pọ àmì jánganjàngan sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ mú ẹ̀dà fáìlì .xlsx kan, ẹ yí ìrù orúkọ rẹ̀ sí .zip, kí ẹ wá ṣí i. Ẹ máa bá fódà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ xl, nínú xl ẹ máa rí worksheets, nínú worksheets ẹ máa rí sheet1.xml. Ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì yín nìyẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pe ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kó wá wò ó. Àwa méjèèjì dúró bí ẹni tí wọ́n tú ẹrù ìyàwó hàn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ irú fáìlì tí ó jẹ́ gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìrù orúkọ rẹ̀ hàn, torí Windows máa ń fi í pamọ́. Ẹ ṣí fódà èyíkéyìí, ẹ lọ sí Outils, Options des dossiers, Affichage, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Masquer les extensions des fichiers dont le type est connu".

Ṣùgbọ́n orúkọ lè parọ́. Ẹnìkan á yí i padà lójú ọ̀nà, fóònù á gé ìrù rẹ̀ jù nù, tàbí ìkànnì kan á fún un lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, orí rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹ ṣí ẹ̀dà náà nínú Bloc-notes (Notepad), ẹ má fi ohunkóhun pamọ́, ẹ sáà ka lẹ́tà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́:

Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, àpò zip ni. Ó lè jẹ́ .xlsx, ó sì lè jẹ́ .ods. PK yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó ṣe zip. Ó ti kú ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni a ń rí orúkọ rẹ̀ ní Kétu.

Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ÐÏ, tí à àti ± sì tẹ̀ lé e láìpẹ́, .xls àtijọ́ ni, Excel 2003 máa ṣí i. Àfi ohun kan: bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ .xlsx, tí orí rẹ̀ sì jẹ́ ÐÏ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni kí ẹ bi.

Bí ẹ bá rí <html tàbí <table, ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ aṣọ .xls fún. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tó ń jẹ́ kí èèyàn gba àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Excel 2003 máa ṣí i láìbéèrè ohunkóhun. Excel tuntun ló máa ń kìlọ̀ pé orúkọ àti inú kò bára mu.

Bí ó bá jẹ́ %PDF, ẹ dákun, kì í ṣe Excel rárá, ìwé títẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ojú ń kà geere, tí kọ́mà tàbí point-virgule (;) wà láàrin wọn, CSV ni. Ọ̀rọ̀ CSV pọ̀, ó ń bọ̀.

Ṣé mi ò lè kàn yí .xlsx sí .xls kí ó ṣí?

Rárá o. Èèyàn tó dé fìlà ọba kò tíì jẹ Alákétu. Orúkọ nìkan lẹ pa dà.

Kí ni kí n wá ṣe pẹ̀lú .xlsx tí mo ní?

Ọ̀nà tó rọrùn jù kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣí i lọ́dọ̀ rẹ̀, kó lọ sí Enregistrer sous, kó mú "Classeur Excel 97-2003", kó wá tún un fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá lórí rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn á gun ọ̀kadà wá láti abúlé kí wọ́n tó ronú pé wọ́n lè bi ẹni tó ni fáìlì.

Microsoft ti ṣe ohun kan rí tó ń jẹ́ kí Excel 2003 lè ka .xlsx, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì wọn ní 2018. Bí ẹnìkan bá ní òun ní in lórí clé USB òun, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Mo ti rí èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀.

Èyí tí àwa ń lò ni LibreOffice. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ka .xlsx, .ods, .csv, àti àwọn fáìlì arúgbó tí Microsoft fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ Windows XP, 5.4 ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn tó gbà á. Ẹ ṣí fáìlì náà níbẹ̀, Enregistrer sous, ẹ mú Excel 97-2003, ó parí.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí a gbé e sórí Google Sheets. Ó ń ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbà á sílẹ̀ lẹ́yìn náà, .xlsx, .ods, PDF, CSV àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n á fún yín. .xls kò sí níbẹ̀. Ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí orúkọ èèyàn àti iye owó tí wọ́n jẹ bá wà nínú fáìlì náà, ẹ má gbé e sórí àwọn ìkànnì tó ní àwọn ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò mọ ẹni tó ń ka á lódìkejì.

Ó ṣí, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ kò pé.

Ìlà 65,536 àti òpó 256 ni Excel 2003 gbà, òpó tó kẹ́yìn ń jẹ́ IV. Láti 2007, ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384 ni. Bí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá gùn jù, Excel àtijọ́ á sọ fún yín pé òun kò kó gbogbo rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ OK láìkà á. Bí ẹ bá fi pamọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìyókù ti lọ. Ẹ fi LibreOffice pín in sí ìwé méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé orí XP.

Iye ń hàn dáadáa, àmọ́ bí mo ṣe yí ohun kan padà báyìí, ó di #NOM?.

Ẹ tẹ àpótí yẹn kí ẹ wo ohun tó wà lókè. Bí ẹ bá rí _xlfn. níwájú, iṣẹ́ tí Excel yín kò kọ́ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. SIERREUR àti SOMME.SI.ENS kò sí kí 2007 tó dé. Iye tí ẹ kọ́kọ́ rí jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ti ẹnì kejì ṣírò tó sì tọ́jú sílẹ̀, nígbà tí tiyín wá fẹ́ tún un ṣírò ni ọwọ́ rẹ̀ ò ká a. Dípò SIERREUR, ẹ lo SI pẹ̀lú ESTERREUR. Dípò SOMME.SI.ENS, SOMMEPROD á ṣe é.

Fáìlì CSV dé láti Nàìjíríà, gbogbo rẹ̀ kó sínú òpó A. Kí ló dé?

Èyí ni ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, torí pé a sún mọ́ ibodè. Ẹni tó wà ní Ìmẹ̀kọ àti ẹni tó wà ní Kétu lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ti ibẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni: kọ́mà ló ń pín òpó, kọ́mà náà ló ń pín ẹgbẹ̀rún, àmì ìdánudúró (.) ló ń ṣáájú ìdá. Tiwa, èdè Faransé ni: point-virgule ló ń pín òpó, kọ́mà ló sì ń ṣáájú ìdá. Nígbà tí kọ́mà dé, Excel wa kò rí ohun tó lè fi pín nǹkan, ó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á yan òpó A, wọ́n á lọ sí Données, Convertir, Délimité, wọ́n á mú Virgule. Òpó á pín, inú wọn á dùn. Níbẹ̀ ni ewu wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa hàn yín. Oníbàárà kan tó ń ra àgbàdo àti gàrí mú àkọsílẹ̀ wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rí báyìí:

àgbàdo,"45,000"
gàrí,"1,250,000"

Lẹ́yìn Convertir, 45,000 di 45. Kò ṣàṣìṣe lójú ara rẹ̀ o: ní èdè Faransé, 45,000 ni márùndínláàádọ́ta pẹ̀lú òdo mẹ́ta lẹ́yìn kọ́mà. 1,250,000 ní kọ́mà méjì, kò lè jẹ́ nǹkan kan ní èdè Faransé, nítorí náà Excel kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. SOMME sì máa ń fo ọ̀rọ̀ kọjá. Àròpọ̀ gbogbo ọjà yẹn jẹ́ 45. Oníbàárà náà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, ṣé èmi ni mo jẹ wọ́n ni àbí àwọn ni wọ́n jẹ mí?"

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Nínú Convertir, ẹ má tẹ Terminer ní ìgbésẹ̀ kejì, ẹ dé ìgbésẹ̀ kẹta. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Avancé. Ẹ fi àmì ìdánudúró sí Séparateur de décimale, ẹ fi kọ́mà sí Séparateur des milliers. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí iye dúró sí: iye tòótọ́ máa ń sún mọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń sún mọ́ òsì. Bí ẹ bá rí iye tó dúró sí òsì láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tíì jẹ́ iye.

Nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàdánù òdo iwájú.

Ọ̀rọ̀ òdo tí mo ní ó ń bọ̀ nìyí. Ní 30 oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà fóònù ní Benin kúrò ní mẹ́jọ ó di mẹ́wàá, wọ́n fi 01 sí iwájú gbogbo wọn. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí òdo tó ń ṣáájú, Excel kò sì yọ wá lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà ní òdo lórí, Excel sì gbà pé òdo iwájú kò wúlò fún iye.

Ẹgbẹ́ kan gbé CSV orúkọ àti nọ́ńbà wá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí, mo tún orúkọ méjì ṣe, mo fi pamọ́ lé ti àkọ́kọ́ lórí, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe èèyàn, ìpè ò wọlé. Gbogbo nọ́ńbà ti di mẹ́sàn-án, tí 1 ṣáájú. Ẹ̀dà míì kò sí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá akọ̀wé wọn, mo ṣí òpó tuntun, mo kọ =TEXTE(A2;"0000000000"), mo fà á wálẹ̀, òdo padà. Oríire ni pé nọ́ńbà Benin nìkan ló wà níbẹ̀. Ká ní ti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ mọ́kànlá, ìyẹn náà ì bá ti sọ òdo tirẹ̀ nù, TEXTE yẹn kò sì ní dá a padà.

Kí ó má ṣẹlẹ̀ rárá: ẹ yí ìrù .csv sí .txt, kí ẹ sì ṣí i láti inú Excel. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ lókè pé yíyí orúkọ padà kò wúlò, ṣùgbọ́n níbí ó wúlò, torí pé Excel kì í béèrè nǹkan bí ó bá rí .csv, bí ó bá rí .txt ni yóò ṣí Assistant Importation de texte. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ tẹ òpó nọ́ńbà, kí ẹ mú Texte. Ẹ ṣe bákan náà fún nọ́ńbà IFU, èyí tí a fi ń san owó orí ní Benin: mẹ́tàlá ni, Excel á sì sọ ọ́ di nǹkan bíi 3,2E+12 bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà tó bá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, Excel á sọ ìyókù di òdo, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ.

Kétou di KÃ©tou, Savè di SavÃ¨.

Porto-Novo nìkan ló bọ́, torí kò ní àmì lórí. Fáìlì náà jẹ́ UTF-8, ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀, Excel sì ń kà á bí ìwé Windows àtijọ́. Ẹ yí i sí .txt bí mo ṣe sọ lókè. Ní ìgbésẹ̀ kìíní, níbi Origine du fichier, ẹ wá "65001 : Unicode (UTF-8)". Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi sùúrù wá a.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, ohun mìíràn wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi CSV pamọ́ láti inú Excel 2003, é àti è á yè é, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ á di àmì ìbéèrè, wọn ò sì ní padà mọ́. Mo ti rí àkọsílẹ̀ orúkọ ìjọ kan tó jẹ́ pé ?lá ni wọ́n pe gbogbo Ọlá. "Texte Unicode" ni kí ẹ fi pamọ́ sí.

Ó ní "fichier SYLK" kò dára. Kí ni SYLK?

Irú fáìlì àtijọ́ kan ni, lẹ́tà ID ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí òpó àkọ́kọ́ nínú CSV yín bá ń jẹ́ ID, Excel á rò pé SYLK ni. Ẹ ṣí i ní Bloc-notes, ẹ sọ ID di id. Ó tán.

Ọjọ́ ti dàrú.

Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. 03/04/2024 á wọlé wẹ́rẹ́, á sì ṣìnà. 04/13/2024 á di ọ̀rọ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ tẹ òpó náà, ẹ mú Date, kí ẹ yan MJA (oṣù, ọjọ́, ọdún). Bí gbogbo ọjọ́ bá fi ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan yẹ̀, ó wá láti Mac àtijọ́ tó ń ka ọjọ́ láti 1904. 1,462 ni kí ẹ fi kún un.

Àwọn ìrù míì ńkọ́?

.ods: ti LibreOffice ni. .wk1 àti .123: Lotus 1-2-3, tó jẹ́ ọba kí Excel tó gba ìtẹ́. Excel 2003 ń ka .wk1, ti 2007 kò kà á mọ́, ẹ wá rí i pé arúgbó ní ìwúlò tirẹ̀. .dbf: Excel 2003 ń ṣí i, ó sì ń fi í pamọ́, 2007 ń ṣí i, kò lè fi í pamọ́. .numbers: ti Apple, ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde bí Excel láti ibẹ̀. .gsheet: kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àdírẹ́sì lásán ni, ìwé náà wà lọ́dọ̀ Google. .xlsm: .xlsx tí makro, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú Excel, wà nínú rẹ̀.

Excel tuntun ni mo ní, ó kọ̀ láti ṣí .xls àtijọ́ bàbá mi.

Ìyẹn ni òdìkejì. Excel tuntun ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ti pẹ́ jù nítorí kòkòrò. Ó wà ní Centre de gestion de la confidentialité, Paramètres de blocage des fichiers. Àbí kí ẹ gbé e wá sórí XP wa, kí a ṣí i fún yín.

Orúkọ rẹ̀ ni liste.xls.exe.

Ẹ pa á rẹ́. Kì í ṣe àkọsílẹ̀, ètò tó fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà yín ni. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ gba makro láàyè kí ẹ tó lè ka orúkọ èèyàn, ẹ bi í pé orúkọ èèyàn wo ló nílò makro. Láti 8 oṣù kẹrin 2014, Microsoft kò tún Excel 2003 àti XP ṣe mọ́, nítorí náà àwọn kọ̀ǹpútà wa méjèèjì kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀rọ kẹta ló ń gba fáìlì, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó kọjá sọ́dọ̀ wọn.

Mo ti fi pamọ́ lé ti àkọ́kọ́ lórí kí n tó ka èyí.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ padà síbi tó ti wá: bí ó bá wá lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, ó lè ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un gbà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí clé ni, ẹ wò bóyá fáìlì kan tí ìrù rẹ̀ jẹ́ .xlk wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà tí Excel ń ṣe fúnra rẹ̀ nìyẹn, bí ẹnìkan bá ti mú un ṣáájú nínú Enregistrer sous, Outils, Options générales. Bí kò bá sí, ẹ mú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde rí wá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yára lọ́wọ́, á tún un tẹ̀.